Kẹ̀kẹ́ Lọ, Orúkọ Tẹ̀ Lé E

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi orúnkún mi tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí n má kọ ọ́ síbí pé òun ń bínú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ ọ́. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ibi mọ ọ̀nà ilé rẹ.

Àwòrán yàrá rẹ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo rí i pé mátírẹ́ẹ̀sì kan, àga kan àti kọ́ọ̀bù kan ló kù nínú ilé, mo ké sí ìyá rẹ pé àwọn olè ti palẹ̀ ilé ọmọ wa mọ́. Mo yí fóònù náà sẹ́yìn bóyá màá rí ògiri kejì, ẹ̀yìn fóònù ni mo rí. Àbúrò mi ti mú kùmọ̀, ó ti wọ bàtà, mọ́tò nìkan ló kù tó ń wá, kó tó di pé o pè wá pé kò sí olè kankan, pé ìwọ fúnra rẹ lo kó ẹrù rẹ fún àwọn èèyàn nítorí mínímálíìsì. Mo kọ́kọ́ rò pé Mínímálíìsì ni onílé rẹ tuntun, mo sì ṣépè fún un díẹ̀, kí Ọlọ́run má kà á sí mi lọ́rùn. O wá ṣàlàyé pé kì í ṣe èèyàn, pé ohun téèyàn ò bá ti lò fún ọdún kan, kó gbé e fún ẹni tó máa lò ó, nítorí pé ohun téèyàn ní kọ́ ni èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ní ọmọ tí mo rán níléèwé ti fẹ́ rán èmi náà níléèwé.

Ni mo bá bẹ̀rẹ̀. Mo fi àga mẹ́rin tọrẹ, mo fi rédíò tí kì í sọ̀rọ̀ mọ́ tọrẹ. Nígbà tí mo dé ìdí àwọn ìkòkò ìyá rẹ, ó jókòó lé àpótí wọn, ó ní bí mo bá fẹ́ gbé ìkòkò, kí n gbé òun mọ́ ọn. Orúnkún mi ò lè gbé méjèèjì. Mo wá yíjú sí kẹ̀kẹ́ mi. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti gùn ún kẹ́yìn. O mọ̀ pé òun ni mo fi gbé lẹ́tà iléèwé kiri fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn rẹ̀ náà lo máa ń sùn lọ sí tí wàá fi ikun imú ba ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́. Mo gbé e fún ọ̀rẹ́ mi bíríkìlà, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́.

Kò pé ọjọ́ mẹ́jọ tí orúkọ mi tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ lọ. Àwọn tó ń pè mí ní Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ ti ń pe bíríkìlà bẹ́ẹ̀. Níbi ìpàdé àdúgbò, akọ̀wé ní kí Bàbá Oníkẹ̀kẹ́ gbàdúrà ìparí. Mo dìde, bíríkìlà náà dìde, akọ̀wé ní kí n jókòó. Àdúrà ọ̀hún ò tiẹ̀ gùn, mo sì ṣe àmín. Èyí tó wá dùn mí jù ni oògùn orúnkún tó o fi rán awakọ̀. Ó béèrè Bàbá Oníkẹ̀kẹ́, wọ́n júwe ilé bíríkìlà fún un, ìyẹn sì ti fi ìdajì rẹ̀ pa ìbàdí ara rẹ̀.

Mo fi ìbínú gbéra. Mo ní kẹ̀kẹ́ mi ni màá gbà, ìyá rẹ ní oògùn ni kí n gbà. Mo bá bíríkìlà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó ń fi àkísà nu wáyà táyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ó ní kí n má bínú, pé nígbà tí awakọ̀ ní ẹnì kan fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun láti ìlú ńlá, inú òun dùn débi pé òun ò béèrè ta ni. O mọ̀ pé kò bímọ. Ó ní láti ogójì ọdún tí òun ti ń kọ́lé fún àwọn èèyàn, ilé wọn ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ òun, kò sẹ́ni tó ń béèrè àlàáfíà òun, ṣùgbọ́n ní báyìí àwọn ọmọ iléèwé ń sáré tẹ̀ lé òun, wọ́n ń pe òun ní Bàbá, pé kí òun tẹ aago kẹ̀kẹ́ fún àwọn.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo dì lọ tú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní ṣéènì ń fẹ́ epo, mo sì fi ibi tí wọ́n ń kán an sí hàn án. Mo gba oògùn tó kù, mo fẹsẹ̀ rìn wálé. Lójú ọ̀nà, wọn ò mọ ohun tí wọn ó pè mí mọ́, mi ò sì ní parọ́ fún ọ, ó ṣe mí bákan. Ìyá rẹ wo ọwọ́ mi, kò rí kẹ̀kẹ́. Ó kàn pè mí ní Bàbá ọmọ òun, ó ní oúnjẹ ti ń tutù.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra bàtà, torí ẹsẹ̀ ni mo ń gùn báyìí, ìsàlẹ̀ bàtà mi sì ti lu, ẹsẹ̀ mi ti ń wo ilẹ̀ lójú. Bí agbára bá wà, ra oògùn kejì fún ìbàdí bíríkìlà, kó o sì sọ pé ìwọ lo fi ránṣẹ́ sí i.

Ohun tó o ní kò ní ga jù ọ́ lọ. Ohun tí o kò ní kò ní sọ ọ́ di kékeré. Wàá dàgbà, wàá dàgbà nínú ayọ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ. Ìyẹn ni mi ò lè fi tọrẹ.