Mo Lọ Kí Ọ̀gá Rẹ Kú Àdánù

Ìjù, lọ́nà Ọ̀tà,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, 1990.

Nùrẹ́nì, Àlàní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékúmù o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Àbáyọ̀mí ọ̀rẹ́ rẹ tó gbà ọ́ sílé ní Múṣin ńkọ́, ṣé òun náà ń jẹun kánú? Ọlọ́run tó gbà ọ́ lọ́jọ́ tí o jábọ́ lórí igi àgbálùmọ̀, tí eegun kankan ò ṣẹ́ lára rẹ, òun náà ni yóò máa gbà ọ́ ní Èkó. Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ kiri láti fún ọ níṣẹ́ kò ní ṣìnà ilé rẹ. Àmín, àmín, àṣẹ. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, wọ́n ní kí n má tíì sọ ohun mìíràn fún ọ, ṣùgbọ́n o mọ̀ wọ́n, o sì mọ èmi náà, màá sọ gbogbo rẹ̀.

Èmi fúnra mi ni mò ń kọ ìwé yìí o, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ilé-ìwé àgbà tí o fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, tí o ní ṣé mo fẹ́ di mínísítà ni, òun rèé. Bí àmì orí ọ̀rọ̀ ò bá pé, fi etí inú gbọ́ ọ, ohùn ìyá rẹ ni, kò ṣàjèjì sí ọ.

Ẹfúnkẹ́ aláta, tó ń kó ata lọ sí Múṣin, ló mú lẹ́tà rẹ wá bá mi. Mo kà á, mo tún un kà. O ní láti ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ abọ́ ní Sàngó ti ní kí ẹ máa lọ ilé yín ni àyà rẹ ti ń lù kìkìkì, tí oorun ò wá. O ní dókítà gbé ohun tútù kan lé ọ láyà, ó fetí sí i, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé ìrònú ni, pé kí o máa wá ohun kékeré kan tó dára lójoojúmọ́ kí o tó sùn, kí o sì mú un dání lọ sórí ẹní. O ní dókítà ń fi ọ́ ṣẹ̀sín, pé kí ló dára lára ẹni tí kò níṣẹ́. O wá ní o ò ní wá ṣọdún Iléyá, pé títí o ó fi ríṣẹ́, ojú rẹ kò ní kan ojú wa, nítorí ọkùnrin kì í ju apá lásán wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, Nùrẹ́nì. Àyà tèmi náà já. Gàrí wà lórí iná níwájú mi, mo ń wò ó, n kò rí i, ó jóná. Èmi tí gàrí mi kò jóná rí láti ìgbà tí mo ti dé ilé bàbá rẹ! Mo sunkún díẹ̀. Àwọn adìẹ wá jẹ gàrí jíjóná náà, inú wọn dùn bí ẹni pé àwọn ni mo dìídì yan án fún, mo bá nu ojú mi.

Dókítà yẹn wù mí. Bá mi bèèrè ìyá tó bí i. Ohun tó sọ fún ọ yẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó, ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Kí ni a kì í kí? Èèyàn jókòó jẹ́jẹ́ ẹ̀, a ní ẹ kú ìjókòó. Òjò pa á, a ní ẹ kú òjò. Ṣé o rò pé ẹni tó ń kí èèyàn kú ìjókòó kò mọ ohun tó ń ṣe ni? Ó ti rí i pé ẹni náà jókòó ni, àìsàn kò tíì dá a dùbúlẹ̀. Ìyẹn náà dára, òun la ṣe ń kí i.

Fèrè ilé iṣẹ́ yín tó máa ń dún láàárọ̀, tí atẹ́gùn ń gbé e dé Ìjù níbí, kò dún mọ́ o. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo àdúgbò dàrú, ẹni tó fẹ́ lọ oko kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá rẹ jí, wọ́n jókòó sórí ibùsùn, wọ́n ń dúró de fèrè títí oòrùn fi wọlé bá wọn. Ṣùgbọ́n àkùkọ wa, tó ti panu mọ́ nítorí fèrè yẹn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ padà. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ní gbogbo Ọ̀tà lọ́dún yìí, òun nìkan ni wọ́n gbà padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Mo ti kọ́kọ́ lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ọ̀tà kí n tó mú bírò, nítorí nọ́ńbà ibi iṣẹ́ Àbáyọ̀mí tí o kọ sísàlẹ̀ lẹ́tà. Obìnrin ibẹ̀ yí i, yí i, ó gbé e fún mi, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ń ṣe é lọ ni obìnrin náà ní, Ìyá, kò wọlé o, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ yín. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, pé ta ló sọ fún un pé àdúrà ń dúró dìgbà tí ẹnìkan bá gbé e. Mo ṣe é tán, mo ní àmín, mo gbé e padà fún un. Ó ní kí n máa lọ, òun kò ní gbowó. Bí o bá rí i tí ara rẹ ṣàdédé fúyẹ́ lọ́jọ́ ọjà Ọ̀tà kan nínú oṣù tó kọjá, èmi ni o.

Ìgbà tí n kò gbọ́ ohùn rẹ ni mo bi Ẹfúnkẹ́ pé ta gan-an ló ba iṣẹ́ yín jẹ́. Ó ní gbogbo Èkó ló mọ̀, Sáàpù ni. Mo ní ọmọ ìlú ibo ni. Ó ní ìjọba ló mú un wá, pé kó wá tún ọrọ̀ ajé ṣe. Ó ní òun ló sọ aṣọ di ọ̀wọ́n, òun ló mú wàrà kúrò lẹ́nu ọmọdé, òun náà ni kò jẹ́ kí irin àti ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ yín ń lò gba orí òkun dé mọ́. Mo jókòó, mo rò ó. Mo ní háà, àṣé wọ́n ja ọ̀gá rẹ náà lólè! Àṣé Sáàpù yìí kọ́kọ́ wọ oko ọ̀gá kó tó kan ẹ̀yin alágbàṣe. Nùrẹ́nì, ta ló lọ kí i? Iṣẹ́ ọkùnrin náà lo ṣe tí o fi ra rédíò fún bàbá rẹ. Olè wọ oko rẹ̀, gbogbo yín ju òkúta sí géètì rẹ̀, ẹ yíjú padà, kò sẹ́ni tó ní ẹ kú àdánù. Ojú tì mí. Wọn yóò ní irú ilé wo la ti kọ́ ọmọ yìí?

Bàbá rẹ ní kí n má dójú ti àwọn, pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń lọ kí ẹni tó lé ọmọ ẹni kúrò níṣẹ́. Mo ní ẹ má bínú, èmi á lọ. Mo yan gàrí kíkan, mo yan án gbẹ, mo di adìẹ kan lẹ́sẹ̀, ó di Sàngó.

Bàbá Ògúndèjì, ará Ọ̀yọ́ tó ń ṣọ́ géètì, tí o máa ń sín jẹ fún wa, òun ni mo bá níbẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn irin, ó ní kí n dákun, bí èpè ni mo gbé wá, kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ kúrò lọ́nà, nítorí àwọn ìyá tó ti wá ṣáájú mi, ìdajì èpè wọn ló ń ba òun. Mo ní èpè kọ́, adìẹ ni. Mo ní mo wá kí ọ̀gá kú àdánù ni. Ó wò mí, ó wo adìẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ló bá ṣílẹ̀kùn.

Ọ̀gá Ọ̀ṣìnúbí jáde sí mi fúnra rẹ̀. Ó ti rù o, Nùrẹ́nì. Ìgbànú ló kó ṣòkòtò jọ sí i nídìí. Koríko ti hù lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ń gbà wọlé, alángbá ń lọ ń bọ̀ bí ẹni tó ń gbowó oṣù. Kí n tó lanu, ó ní òun kò lówó tí òun yóò fún ẹnikẹ́ni, pé òun gan-an kò tíì rí owó oṣù gbà. Mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo ní ta ló bèèrè owó, mo ní ẹ kú àdánù o, Ọlọ́run á fi òfò ra ẹ̀mí, a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Bàbá Ògúndèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò.

Nígbà tó yíjú padà, ó bi mí pé ìyá ta ni mí. Mo ní ìyá Nùrẹ́nì tó ń ri abọ́ bọ ọ̀dà. Ó ní háà, èyí tó máa ń kọrin! Ó ní láti ọjọ́ tí orin yẹn ti dákẹ́ ni òun kò ti sùn, pé àyà òun ń lù kìkìkì. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gan-an ló sọ, ọmọ mi, bí ẹni pé ó ka lẹ́tà rẹ. Nítorí náà, má ṣe rò pé ìwọ nìkan ni ọ̀lẹ ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ọ̀gá tó jókòó nínú ọ́fíìsì náà ń wo àjà mọ́jú. Mo fún un ní oògùn dókítà rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, mo ní kó máa wá ohun kékeré kan tó dára lójoojúmọ́. Ó ní kí wá ló dára lónìí? Inú bí mi. Mo ní èmi ńkọ́? Mo ní adìẹ yìí ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín o! Mo ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ó ní ẹwà náà kò tíì débẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù, mo ní kí wọ́n bu omi wá.

Abọ́ tí ẹ̀yin fọwọ́ yín ṣe ni wọ́n bu gàrí sí. Ọ̀gá Ọ̀ṣìnúbí àti Bàbá Ògúndèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n ń bu gàrí nínú abọ́ kan náà, tí ẹni tó ń ṣọ́ géètì tún ń sọ fún mánéjà pé kó má jẹ ẹ̀pà òun tán. Wọ́n jẹ ẹ́ kan ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ní kí n máa gbé gàrí wá ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀, pé àwọn díẹ̀ tó kù tí wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀rọ yóò máa rà á. Mo ti ń gbé e lọ. Wọ́n ń rà á.

Kò ṣèlérí iṣẹ́ fún ọ o, n kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó mú mi wọlé, mo rí àwọn ẹ̀rọ náà, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n lórí. Mo ní ẹ kú ìsinmi. Oko tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, ẹni tí kò mọ̀ nípa oko ni yóò pè é ní òkú. Nígbà tí mò ń lọ, ó fún mi ní bàsíà kan, ó ní ìwọ lo rì í kẹ́yìn. Òdòdó pupa wà nínú rẹ̀, ọ̀dà kò dé ojú kan létí rẹ̀. Orin lo ń kọ lọ́wọ́, mo mọ̀. Ojú ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò bí mo bá ń bọ́jú láàárọ̀.

Jẹ́ kí n wá sọ èyí tí bàbá rẹ ní kí n má sọ. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mọ́tò Sàngó bá ti dún, wọ́n á dìde, wọ́n á wọ bàtà, wọ́n á lọ dúró létí títì títí èrò yóò fi bọ́ sílẹ̀ tán. Bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní ewúrẹ́ làwọn ń wá, pé kò tíì wọlé. Nùrẹ́nì, a ò ní ewúrẹ́. A ti tà á kí ìwọ tó lọ Èkó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, má rò pé mo ti gbàgbé. Ìyá wo ló ń kọ̀wé sí ọmọ ní Èkó tí kì í bèèrè? Bí n kò bá bèèrè, ó dà bí ẹni pé mo ti kà ọ́ kúrò lára àwọn tó lè fúnni. Nítorí náà mò ń bèèrè: mo fẹ́ owó ọdún Iléyá. Má fi rán Ẹfúnkẹ́, má fi rán dírẹ́bà. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o mú un wá, kí o fi í lé mi lọ́wọ́ níwájú bàbá rẹ àti gbogbo ará ilé. Owó náà nìyí nínú àpòòwé, mo ká a sínú ìwé kejì, owó gàrí ọ̀gá rẹ ni. Mú nínú rẹ̀ wọkọ̀, mú nínú rẹ̀ ra búrẹ́dì fún bàbá rẹ ní Sàngó, kí o sì gbé ìyókù wá fún mi. Màá gbà á, màá ṣàdúrà lé e lórí bí owó tí ojú mi kò rí rí.

Ọwọ́ rẹ kò ní ṣófo wọlé, kò ní ṣófo jáde. Àyà rẹ yóò balẹ̀ bí omi inú àmù. Oorun yóò mọ ilé rẹ, ayọ̀ yóò jí ọ. Orin yóò padà sẹ́nu rẹ, lọ́lá Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àdìzátù.

Mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ pa ni bàbá rẹ wọlé. Mọ́tò ìrọ̀lẹ́ ti kọjá. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ewúrẹ́ náà kò tíì dé o.