Ìwé Tí Asiata Mú Wá sí Kíláàsì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6 Oṣù Kẹsàn-án 2011. Elekahia.

Kíláàsì bẹ̀rẹ̀ lónìí nínú yàrá ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Obìnrin mẹ́fà. Pijin wọn dá ṣáká, òun ni wọ́n fi ń ná ọjà ní Creek Road. Òyìnbó inú ìwé ni kò yé wọn. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní sẹ́mínà: akẹ́kọ̀ọ́ ló ni kíláàsì, kí tíṣà má gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí oníkálukú fẹ́ fi òyìnbó ṣe. Ìyá Ṣùkúrù, tó ń ta ata gbígbẹ, ní òun fẹ́ mọ ohun tí àwọn ọmọ òun fi ń bú òun. A rẹ́rìn-ín títí. Ó kan Asiata, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Mo fẹ́ dá ìwé kà láìbẹ ẹnikẹ́ni."

Òfin kan ṣoṣo ni mo fi lélẹ̀: orúkọ la ó máa pe ara wa, tíṣà pàápàá. Asiata kọ̀ jálẹ̀. "Kí n pe ọkọ mi lórúkọ? Èèwọ̀!" Wọ́n ti bí mi kó tó wọlé wa, ọkọ ni mo jẹ́ fún un, bó tilẹ̀ fi ọdún márùn-ún jù mí lọ. Láti ọdún mẹ́fà tó ti wọlé, Eyínfúnjowó ló ń pè mí. Mo fi í sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹsàn-án.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: kí oníkálukú wá ìwé òyìnbó kan nínú ilé rẹ̀, kó dà á kọ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kó sì mú ojúlówó rẹ̀ wá. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni kà á. Wọ́n á bi ara wọn, wọ́n á bi ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ládùúgbò. Fáàrí ń pa mí, bí ẹni pé èmi ni mo dá ọ̀nà tuntun yìí sílẹ̀!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹsàn-án.

Yéè! Mo gbé!

Ìyá Ṣùkúrù mú páálí ọṣẹ wá. Asiata mú bébà kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin — inú àpótí Bùrọ̀dá Bashiru, ọkọ rẹ̀, ló ti rí i, lábẹ́ agbádá ọdún. Mo fojú kàn án. Lẹ́tà tí dókítà kọ sí Bùrọ̀dá ni, ti ọdún 2008. Ó ní ara ìyàwó dá ṣáṣá. Ó ní àtọ̀ ọkọ ni kò ní ọmọ nínú, kò sì ní ní in láéláé.

Ọdún mẹ́ta! Ọdún mẹ́ta tí obìnrin yìí fi ń mu àgbo kíkorò láràárọ̀, tí ìyá wa ń pè é ní àgàn lórí fóònù, tí Bùrọ̀dá jókòó tì í, tó ń sọ fún un pé dókítà ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àléébù wà. Ìyàwó kejì sì ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Yìgì di ọjọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀.

Mo gba bébà náà. Mo ní rìsíìtì oògùn àtijọ́ ni, kó lọ wá òmíràn. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó. Ó wò mí. "Ẹ ṣáà ní ẹ kò ní bá wa kà á." Mo ti sọ ọ́ sínú báàgì.

Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹsàn-án.

Mo bá Bùrọ̀dá ní ṣọ́ọ̀bù àlùbọ́sà rẹ̀, mo na bébà náà sí i. Ó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó pọ̀n mí, tó rán mi níwèé — ó dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú èèpo àlùbọ́sà! Ó ní dókítà lè ṣì í, kí òun dán ọ̀dọ̀ ìyàwó kejì wò ná. "Lateefah, bò mí láṣìírí." Ó fa bébà ya. Mo sunkún. Mo ní ó dáa, mi ò ní sọ.

Ọjọ́bọ̀, 15.

Kò sí kíláàsì. Mo ní orí ń fọ́ mi. Irọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan péré ni Asiata béèrè. Mo sọ fún un: ọkọ ni.

Ọjọ́bọ̀, 22.

Ọ̀rọ̀ kan tún ni. Mo sọ fún un: àyẹ̀wò ni. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí — ó ti dà á kọ! Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n dà á kọ. Orí mi ò!

Ọjọ́ Àìkú, 25.

Asiata mu àgbo níwájú mi, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ní, "Eyínfúnjowó, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run." Adìyẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Tí mo bá sọ̀rọ̀, mo pa ẹ̀gbọ́n mi. Tí mi ò bá sọ, mo ń pa Asiata lọ díẹ̀díẹ̀. Mo kórìíra ara mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27.

Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ọmọbìnrin Ìyá Ṣùkúrù tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ń bi. Mo rí wọn lábẹ́ fèrèsé, ìwé ṣí sílẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn — mo búra — inú tíṣà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù dé.

Ọjọ́bọ̀, 29.

Kò mu àgbo lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹwàá.

Òní ni mo ti dá fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ máa di tíṣà, tí tíṣà máa jókòó sáàárín wọn. Mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni tí Asiata fi dìde. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, sí àyè rẹ̀.

Ó ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́tà wọ́, ṣùgbọ́n kò fo ọ̀kan: déètì, orúkọ Bùrọ̀dá, gbogbo rẹ̀. Ìyá Ṣùkúrù ní, "Asiata, wetin be dis?" Asiata kọ ọ́ tán, ó nu ẹfun ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó yíjú sí wa. Mo rò pé yóò sunkún. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Lateefah," ó ní. "Dìde. Kà á."

Ọdún mẹ́fà, kò pe orúkọ yẹn rí. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

Mo dìde. Mo kà á ní òyìnbó, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, títí dé ibi tí dókítà fọwọ́ sí.