Fọ́ọ̀mù Ẹ̀rọ Tó Ń Dá Ilẹ̀ Lu

Ilé Akíntóyè,
Ìpògùn.
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Modúpẹ́ Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí Dámiláre tó kọ́ mi bí a ṣe ń tan fóònù, mo sì kí àbúrò rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n sùn lọ́sàn-án bí mo bá wá sí Àkúrẹ́. Ọlọ́run tó mú yín la ọ̀sẹ̀ yìí já, pẹ̀lú owó ọkọ̀ tó ń fojoojúmọ́ gòkè, yóò mú yín la èyí tó kù já. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹsẹ̀ yín kò ní gbé yín dé ibi tí ẹ ó ti kábàámọ̀. Àwa náà wà, a sì ń jẹun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gàrí ti di ohun tí ìyá rẹ ń gbé pamọ́ sẹ́yìn àpótí bí àlejò bá kanlẹ̀kùn. Ó ní kí n sọ fún ọ pé orúnkún òun ti fúyẹ́, pé ìpara tí o fi ránṣẹ́ ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ewúrẹ́ rẹ̀ tó ń tiro ló kọ́kọ́ fi dán an wò, nígbà tí ewúrẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ni òun náà tó fi para.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ló mú mi kọ̀wé yìí. Fọ́ọ̀mù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa tí wọ́n ń gbé ní Àkúrẹ́ ní kí ẹni tí yóò máa wa tirakitọ̀ pápá kún, mo ti kún un, ó wà nínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé ìwọ ni onídùúró mi, mo mọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń retí rẹ̀, mi ò sì gbàgbé ohun tí o sọ lórí fóònù, pé fọ́ọ̀mù nìkan kò tó, kí n fi ọwọ́ ara mi kọ bí mo ṣe ń ṣe iṣẹ́ náà, pé bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn o kò ní fọwọ́ sí i, kí n dá kọ́kọ́rọ́ padà fún wọn, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ní Alágbàká. Àṣàkẹ́, pálọ̀ rẹ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹja inú yìnyín, ẹnikẹ́ni kò sì kí mi kú iṣẹ́ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni mí lóòótọ́. Láti ìgbà tí mo ti tún gun tirakitọ̀ ni ara mi ti yá gágá, tí mo ń jí ṣáájú àkùkọ, tí ìyá rẹ sì ń sọ pé mo ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé nílé ìwẹ̀. Jọ̀ọ́, fi sùúrù ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

Kí o lè mọ ohun tí o ń dúró fún, jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà. O mọ pápá ilé-ìwé yẹn, ibẹ̀ náà ni ẹ ti ń sáré nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ilẹ̀ ibẹ̀ ti le nítorí mọ́tò àwọn olókùú tí wọ́n ń gbé síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Bí òjò bá rọ̀, omi a dúró síbẹ̀ bí odò, bí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù, a máa ta bí ẹni pé orí sìmẹ́ńtì ló wà. Ẹ̀rọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde rà yìí dà bí àgbá epo tí a fi èékánná irin yí ká, èékánná kọ̀ọ̀kan sì ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Ẹ̀yìn tirakitọ̀ ni a ń so ó mọ́. Bí tirakitọ̀ bá ń fà á, á máa yí, èékánná yẹn á máa wọlẹ̀, á sì máa fa erùpẹ̀ jáde pẹ́ńpẹ́ pẹ́ńpẹ́ sórí koríko. Ọ̀gbẹ́ni Johnson tí í ṣe pirinsípà ní kí atẹ́gùn àti omi lè wọlé ni, pé koríko ń mí. Mo ní kí ni? Ó ní ó ń mí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fẹ́ dúró lójú kan pẹ́ lórí koríko mọ́, n kò fẹ́ kí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni há.

Wọ́n lẹ àwòrán àwọn tí ẹ̀rọ náà ti ṣe léṣe mọ́ ọn lára. Ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ń já bọ́ láti òkè, ọ̀kan ọwọ́ rẹ̀ ti gé. Wọn kò ya ojú sí wọn lórí, mo rò pé nítorí ẹbí wọn ni. Mo máa ń kí wọn pẹ̀lẹ́ ní àràárọ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọ̀gbẹ́ni Johnson rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ìkìlọ̀ ni, wọn kì í ṣe ẹnì kankan. Mo ní kò burú. Mo ṣì ń kí wọn.

Fídíò ẹ̀rọ náà tí Dámiláre fi ránṣẹ́, mo ti wò ó tó ogún ìgbà. Òyìnbó inú rẹ̀ mọṣẹ́, ṣùgbọ́n ìkíni kò sí lẹ́nu rẹ̀. Mo kí i ẹ kú iṣẹ́, kò dáhùn. Nígbà tó parí, mo tún kí i, ó wá juwọ́ sí mi kó tó lọ, mo ní ẹ̀n-ẹ́n, a ti rẹ́. Bó ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ ni mo ń ṣe é. N kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró sáàárín tirakitọ̀ àti ẹ̀rọ nígbà tí mo bá ń fi ẹ̀yìn rìn lọ bá a. Apá méjì ìsàlẹ̀ ni mo ń kọ́kọ́ so, lẹ́yìn náà ti òkè, mo ń ki píìnì bọ gbogbo rẹ̀, mo sì ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ há píìnì kọ̀ọ̀kan kó má baà yọ. Mo ń mì í wò. N kì í wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá wà lókè, àfi tí mo bá ti fi igi líle gbé e dúró. Bí mo bá fẹ́ yípo, mo ń gbé e sókè kúrò nílẹ̀ ná. N kì í sáré, ìyá arúgbó tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lè yà mí sílẹ̀.

Kí ọjọ́ iṣẹ́ tó kò, mo ti fẹsẹ̀ rin gbogbo pápá náà, mo ṣa òkúta, mo sì ri igi mọ́lẹ̀ níbi tí páìpù omi wà, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn kí n lè máa rí i. Àṣé àwọn ará ìlú rò pé ààlè ni mo pa! Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ẹni tó so ẹran sí pápá ti wá tú ẹran rẹ̀ lọ, ẹnì kan tilẹ̀ wá bẹ̀ mí pé ewúrẹ́ òun ti jẹ níbẹ̀ láàárọ̀, kí n ṣàánú rẹ̀. Mi ò sọ fún wọn pé ìró ìyá rẹ tó ti gbó ni mo ya.

Àmọ̀kẹ́ tó ń sun àgbàdo lẹ́nu ọ̀nà wa ló kó bá wa. Ọjọ́ tí mo dá apá kan pápá lu tán, ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì, mo dé ibẹ̀, mo bá Àmọ̀kẹ́ àti obìnrin mẹ́ta níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ju àgbàdo sínú ihò, ẹyọ méjì méjì. Mo ní kí lẹ ń ṣe? Ó ní irú ọdún tí ebi ń pa ènìyàn yìí, ihò tó tò lẹ́sẹẹsẹ báyìí, ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ lásán, ṣé ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run? Mo bẹ̀rẹ̀ wo ihò náà, ó tò lóòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni Johnson ló bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi ṣa díẹ̀ padà. Bí o bá gbọ́ pé àgbàdo hù lẹ́nu góòlù, má bi mí.

Wàyí o, ọ̀kan wà tí mo ṣe tí kò dára, n kò ní fi pamọ́. Lọ́jọ́ kìíní tí mo wà lórí tirakitọ̀, ẹ̀gbọ́n mi Ọláwuyì gba ẹ̀gbẹ́ pápá kọjá. Báwo ni n ó ṣe jókòó sókè, kí ẹ̀gbọ́n mi dúró nísàlẹ̀, kí n máa kí i bí ọba? Mo bẹ́ sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo gbàgbé bíréèkì. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ wà lókè, ilẹ̀ ibẹ̀ sì dà díẹ̀. Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni mo ti gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ pé tirakitọ̀ rẹ náà ń bọ̀ wá kí mi o. Mo gbójú sókè, ó ti ń yí bọ̀ wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Òpó góòlù ló dá a dúró. Kò sí ẹni tó farapa, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Johnson gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi fún ọjọ́ méjì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí, kí n tó sọ̀ kalẹ̀, mo ń sọ ẹ̀rọ kalẹ̀ ná, mo ń fa bíréèkì, mo ń pa ẹ́ńjìnnì, mo ń yọ kọ́kọ́rọ́ sápò, lẹ́yìn náà ni mo tó dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bínú pé mo ń jẹ́ kí òun dúró pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ń mú ìjókòó dání báyìí.

Ó ku ìbéèrè tó kẹ́yìn lórí fọ́ọ̀mù náà. Àwọn yòókù kò nira. Ẹni tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ Ọlọ́run, mo wá kọ nọ́ńbà rẹ sábẹ́ rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn ní, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti farapa rí níbi tí ẹ ti ń wa ẹ̀rọ? Mo kọ Rárá.

Modúpẹ́, irọ́ ni. O mọ Jímọ̀ tó ń tún rédíò ṣe, ọ̀rẹ́ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó máa ń gbé ọ jó nígbà tí o wà ní kékeré pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan àti ọ̀pá. A sọ fún ọ pé mọ́tò ló gbá a. Kì í ṣe mọ́tò. Oko ìjọba lẹ́bàá Oǹdó ni, ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irin tó ń fọ́ ilẹ̀ kò wọlẹ̀ dáadáa nítorí ilẹ̀ le. Nígbà náà, bí irin kò bá wọlẹ̀, ènìyàn la máa ń gbé jókòó lé e kó lè wúwo. Gbogbo awakọ̀ ló ń ṣe é. Èmi ni mo sọ fún Jímọ̀ pé kó gùn ún, nítorí ara rẹ̀ tóbi. Ó ń kọrin. Ibi tí mo ti yípo ló ti já bọ́, irin sì kọjá lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún àwọn ọ̀gá wa nílé ìwòsàn pé mọ́tò ló gbá òun, kí wọ́n má baà lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Owó iṣẹ́ yẹn ni mo fi rán ọ lọ sílé-ìwé.

Ẹ̀rọ tuntun yìí náà ń fẹ́ ìwúwo. Wọ́n ṣe àwo irin sórí rẹ̀ fún un, ìwé rẹ̀ sì ní ènìyàn kò gbọ́dọ̀ gùn ún láéláé. Búlọ́ọ̀kù mẹ́fà ni mo kó sí i, mo fi okùn dì wọ́n pinpin. Jímọ̀ wá wòran lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó bi mí pé kí ni búlọ́ọ̀kù ń wá níbẹ̀, mo sọ fún un. Ó wá fi ọ̀pá rẹ̀ kan ọ̀kan, ó bi mí pé ṣé búlọ́ọ̀kù lè ṣe é ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára. Àṣàkẹ́, mo sunkún lórí pápá yẹn lójú àwọn ọmọ ilé-ìwé, ojú kò tì mí. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ló ń wá. Ó ń fi ọ̀pá kan búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, ó ń fa okùn wò, bó bá ní kí n lọ ni mo tó ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sún mọ́ ẹ̀rọ, igbe tó ń ké, wọ́n ń gbọ́ ọ dé Ìlárá.

Nítorí náà, fagi lé Rárá yẹn, kí o kọ Bẹ́ẹ̀ ni síbẹ̀, kí o kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Jímọ̀ Mùstàfá, ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí o sì kọ ọ́ pé Akíntóyè ló wa tirakitọ̀ náà. Mo ti bi í, ó ní kí n ṣe bó ṣe wù mí, ó ti pẹ́ jù. Lẹ́yìn náà kí o fọwọ́ sí i, tàbí kí o má fọwọ́ sí i. Bí wọn kò bá fẹ́ mi mọ́, n ó di ẹrù mi, n ó wá bá ọ ní Alágbàká, n kò ní bínú.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọ̀rẹ́ tó tó ọ̀rẹ́, yóò sì dá ọ sí kí o lè ṣe dáadáa fún un. Àwọn ọmọ rẹ yóò sìn ọ́. Ilé rẹ kò ní gbóná mọ́ ọ.

Bí wọ́n bá sì gbà mí, jọ̀ọ́, wá owó díẹ̀, ra bàtà onírin lẹ́nu fún mi ní Arákàlè, nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì, nítorí sálúbàtà ni mo fi ń ṣiṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Johnson kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ra òmíràn fún Jímọ̀, nọ́ńbà kan náà ni. Má bá wọn jiyàn níbẹ̀ pé kí wọ́n ta ẹ̀gbẹ́ kan fún ọ, wọn kò ní gbà. Ra méjèèjì. Òun yóò wọ ti òsì. Ti ọ̀tún, n ó gbé e kọ́ iwájú tirakitọ̀, níbi tí ojú mi yóò ti máa rí i.

Èmi ni bàbá rẹ,
Akíntóyè.