Rìsíìtì Ẹ̀jẹ̀ Tí Mo Jẹ́ Kí Wọ́n Kọ Sórúkọ Ọkọ Mi

Ẹ̀wù funfun tí ọkọ mi ń wọ̀ lọ síléèwé ni mo ń lọ̀ nígbà tí ìyá ọkọ mi wọlé, gèlè wọn lọ́wọ́, tí wọ́n ní àwọn akódà ti mú àbíkẹ́yìn àwọn lójú ọ̀nà Ọ̀tan. Wọ́n ní wọ́n bèèrè rìsíìtì owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí i mú jáde, láti àná ló sì ti wà ní àtìmọ́lé kóòtù. Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ fún yín nìyí... mi ò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Mo lọ apá kan ẹ̀wù náà tán, mo lọ apá kejì, mo tún padà sí ọrùn rẹ̀, ìyá arúgbó dúró tì mí pé kí n sọ̀rọ̀, ọrùn ẹ̀wù ni mo tẹjú mọ́, torí èmi nìkan ni mo mọ ohun tó gbé ọmọ wọn dé àtìmọ́lé. Èmi ni mo gbé e débẹ̀. Èmi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn lára mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ má tíì bú mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọmọ Ìlá ni ọkọ mi, tíṣà ni. Èmi náà kàwé dé Form Three kí n tó lọ́kọ. Nígbà tí mo bí ọmọ wa àkọ́kọ́, obìnrin, tó ti pé ọdún márùn-ún báyìí, ẹ̀jẹ̀ dà lára mi débi pé wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò lọ fẹ̀sọ̀ sọ ọ́ fún ìyá mi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí oyún kejì dé, dókítà òyìnbó ní ilé ìwòsàn ìjọ tí mo forúkọ sílẹ̀ sí sọ pé òun ò ní jẹ́ kí n rọbí láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Fíríìjì kan wà níbẹ̀ tó ń lo kẹrosíìnì, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ìgò ẹ̀jẹ̀ sí kó má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ẹbí aláìsàn ló ń wá ẹni tí yóò fún un lẹ́jẹ̀, ẹbí náà ló sì ń sanwó ìgò, owó ìtọ́jú, àti kẹrosíìnì tí fíríìjì yóò máa jó títí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ yóò fi pé. Ọkọ mi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà nígbà náà, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wò, kò bá tèmi mu. Wọ́n yẹ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò, kò bá a mu. Ti àbúrò ọkọ mi ló bá a mu.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ fún yín, kì í sì í ṣe torí pé mo ń fara pamọ́ nìkan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ tí wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi wọlé ni mo ti sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, torí bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ ni, obì ló ń gbìn lọ́nà Ire, kò mọ̀wé. Obì tó tọ́jú de ìgbà tí yóò wọ́n, ó kó o tà ní kíá, ó so garawa kẹrosíìnì mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gùn ún wá bá wa nílé ìwòsàn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì ṣàwàdà pé kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ fún òun, òun ò tíì gbéyàwó. Wọ́n fún un ní mílíìkì àti bísíkíìtì, ó mu mílíìkì, ó fi bísíkíìtì sápò fún ọmọ mi. Òun ló san gbogbo owó náà. Nígbà tí owó tí ọkọ mi fi ránṣẹ́ dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé e fún un, kò gbà á. Ó ní, "Ìyàwó wa, fi ra aṣọ fún ọmọ tó ń bọ̀." Mo fi ra aṣọ fún ọmọ tó ń bọ̀. Mi ò sọ fún ọkọ mi... mo ní tó bá dé ni màá sọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ rìsíìtì. Nọ́ọ̀sì òyìnbó tó ń kọ ọ́ bi mí lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló sanwó. Eyínfúnjowó wà ní yàrá kejì, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ sinmi. Ìyá ọkọ mi jókòó tì mí gbágbáágbá. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n á gbọ́ orúkọ ọmọ wọn bí mo bá là á mọ́lẹ̀, wọ́n á sì ní irú ìyàwó wo lèyí tí ìwé ti sọ dà báyìí. Ojú tì mí. Mo bá ní Mister, mo fi orúkọ tí wọ́n fi ń pe ọkọ mi níléèwé kún un, torí orúkọ yẹn, bí orúkọ òyìnbó ni gbogbo wa ṣe kà á sí, èmi gan-an ni Missis rẹ̀, ẹnu mi ti mọ́ ọn lára. Àbúrò rẹ̀ kì í jẹ́ ẹ. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́, ó ya ìwé náà fún mi, mo kà á, mo mọ̀ pé kò tọ̀nà, mo ká a sínú Bíbélì mi. Ẹ lè pè é ní àṣìṣe. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọjọ́ tí mo bímọ, ẹ̀jẹ̀ náà ló ń kán sínú iṣan mi, mò ń wò ó bó ti ń kán, mo mọ ẹni tó ni ín.

Nígbà tí àkókò owó orí tó, kòmítì àdúgbò wa jókòó. Ẹ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á wo òrùlé rẹ bóyá páànù ni, wọ́n á wo kẹ̀kẹ́ rẹ, wọ́n á fojú díwọ̀n oko rẹ, wọ́n á ní iye báyìí ló ń wọlé fún ọ lọ́dún. Lọ́tẹ̀ yìí akọ̀wé wọn kéde pé ẹni tó bá náwó nílé ìwòsàn, títí kan owó tí wọ́n fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ pamọ́, kó mú rìsíìtì wá, àwọn á yọ iye náà kúrò kí àwọn tó bu owó orí fún un. Ọkọ mi ti parí kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ti dé. Ó bi mí nídìí oúnjẹ pé ṣé rìsíìtì ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì wà. Ẹ̀yin èèyàn mi... ó yẹ kí n ní, àbúrò yín ló sanwó yẹn o, tiyín ni mo fi ra aṣọ ọmọ. Gbólóhùn kan péré. Ta ló dì mí lẹ́nu? Ìyá ọkọ mi ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí àṣà kankan tí mo lè dì mọ́. Mo dìde, mo yọ ọ́ nínú Bíbélì, mo fún un. Mo sọ fún ara mi pé orúkọ rẹ̀ kúkú ló wà níbẹ̀. Owó tó bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fi ra bàtà fún ọmọ wa obìnrin, bàtà àkọ́wọ̀ rẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un bó ti ń rìn.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé lẹ́yìn náà tí Eyínfúnjowó dé láti oko. Ó ní, "Ìyàwó wa, bá mi wá ìwé òyìnbó ọjọ́sí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi lè bá mi san nínú owó orí." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní màá wá a. Ṣé ẹ gbọ́... mo ní màá wá a, ìwé tí mo mọ ọwọ́ tó wà. Ó gbà mí gbọ́, ó lọ bá kòmítì pé ìwé òun ń bọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Akọ̀wé ṣí ìwé ńlá rẹ̀, ó ní a ti yọ owó ẹ̀jẹ̀ yẹn fún Tíṣà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó jókòó ní, "Ìgò ẹ̀jẹ̀ kan, ọkùnrin méjì ń bù ú mu bí ẹmu." Òmíràn ní, "Àbí ìwọ lo rọbí ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn èèyàn ti ń pè é ní Ẹlẹ́jẹ̀ ládùúgbò. Òun náà bínú, ó ní àwọn tó pe òun ní òpùrọ́ kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun àfi tí wọ́n bá kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ. Bó ṣe di pé akódà mú un nìyẹn.

Kò sọ tèmi. Títí di òní, kò sọ pé èmi ni. Ọkọ mi ní àbúrò òun fẹ́ dójú ti òun, wọn kì í kí ara wọn mọ́, ìyá wọn wà láàárín, wọn ò mọ ẹni tó sanwó gan-an nínú àwọn méjèèjì, wọn ò lè gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Kí kóòtù tó tú u sílẹ̀, ó san owó orí náà pé, ó san ìtanràn lé e, oko obì rẹ̀ ló sì fi dógò lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Ire. Ẹlòmíràn ló ń ká obì níbẹ̀ báyìí. Lọ́jọ́ tó jáde, ọ̀dọ̀ mi ló kọ́kọ́ yà sí. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ mi ń mu ọmú dáadáa?" Ó wò mí lójú lẹ́ẹ̀kan, ó lọ. Eyín yẹn ò yọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́ fún ọkọ mi nìkan, ṣé kò ní ní kí n panu mọ́ nítorí ipò rẹ̀? Òun ni akọ̀wé ìjọ wa. Bí mo bá lọ dúró níwájú kòmítì fúnra mi, wọ́n á ní Tíṣà fi ìwé irọ́ gba ẹ̀dínwó owó orí, bẹ́ẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣé wọ́n á gbà pé kò mọ̀? Mò ń ránṣọ, mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kí n lè gba oko náà padà, ṣùgbọ́n ṣé oko nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Ta ló máa gba orúkọ rẹ̀ padà fún un? Ta ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, ọkọ mi, ìyá rẹ̀, àbí kòmítì? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jù mí lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe ìyàwó ilé pẹ́, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ má fi bò.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ níbì kan. Lánàá, ọmọ mi obìnrin dé láti ibi eré, ó ní àwọn ọmọ ní Bàbá Kékeré òun jí ẹ̀jẹ̀. Mò ń bọ́ bàtà yẹn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ẹ̀jẹ̀ tó jẹ́ kí n wà láàyè láti máa bọ́ bàtà fún un, Bàbá Kékeré ló fún mi, òun ló sì sanwó tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀, màmá rẹ̀ ló purọ́. Mo wá pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, èyí tí n kò pè rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé ta ló ni ẹ̀jẹ̀ náà, orúkọ tí yóò dá nìyẹn. Ó pè é tẹ̀lé mi, ó fi Bàbá ṣíwájú rẹ̀. Kò ṣòro fún un rárá.