Ajá Kejì Tó Gbọ́ Èdè Wa

                                        Yàrá Kẹrin, Àjà Kejì,
                                        Ilé Pupa Ẹ̀yìn Ilé Ìwòsàn,
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ mi ní kí n kí yín. Iṣẹ́ ọ̀sán ló ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ara tèmi náà le, àfi ẹ̀rù tó ń bà mí díẹ̀. Nítorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Mo ti sọ fún yín pé à ń wá ẹnìkejì fún Dúdú, ajá wa, torí tá a bá ti lọ síbi iṣẹ́, ńṣe ló máa ń ké títí aládùúgbò á fi máa kanlẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Sátidé, a lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àwọn ajá tí kò ní ẹni tó ni wọ́n mọ́. Kékeré kan ń fò sókè, ọkọ mi ti ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà ní igun, ó gùn, ó rù, irun àgbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn pè é títí lédè ìlú yìí, kò gbójú sókè. Mo bá sọ fún ọkọ mi lédè wa pé, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Èyí ò fẹ́ dìde."

Ajá náà dìde.

Mo ní, "Jókòó." Ó jókòó. Mo ní, "Ọwọ́ dà?" Ó na ọwọ́ sí mi. Ẹ̀gbọ́n mi, ara mi bù máṣọ. Nílùú tó jẹ́ pé èmi àti ọkọ mi nìkan la jọ ń sọ èdè yìí! Bá a ṣe rà á nìyẹn.

Dúdú ò tiẹ̀ gbó mọ́ ọn. Ajá tuntun náà wọlé, ó lọ tààrà síwájú àga tó wà létí fèrèsé ilé ìdáná, ó jókòó, ó kọjú sí i. Àga ọ̀hún ṣófo. Síbẹ̀ á máa mi ìrù, á máa yí orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn. Nígbà mìíràn á tẹrí ba, irun orí rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ, bíi pé wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí. Ọ̀sán gangan ni o! Kò sì fẹnu kan oúnjẹ. Mo sọ "Jẹun, jẹun" títí ó fi sú mi. Àga ló ń wò. Lọ́jọ́ kẹta, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Dókítà ẹranko ní òun ò rí àìsàn kankan, ṣùgbọ́n tó bá fi di ọ̀la láìjẹun, òun ò mọ̀ o.

Mo pe obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ajá lọ́jọ́sí lórí fóònù. Ó ní olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ìyá arúgbó láti ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Orí àga ilé ìdáná ilé tirẹ̀ ló kú sí. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó mọ̀. Oúnjẹ kún abọ́ ajá, kò fẹnu kàn án. "Ó jọ pé ó ń dúró kí ìyá náà ní kó jẹun ni," ló wí.

Mo gbé fóònù kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú àga. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ebi fẹ́ pa á kú. Ẹ bá wa sọ fún un kó jẹun."

N ò gbọ́ nǹkan kan. Ajá náà ló gbọ́. Etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ó dìde, ó lọ sídìí abọ́, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Dúdú náà wá dúró síwájú àga, ó ń mi ìrù.

Ọkọ mi ní ká gbé àga náà síta. Mo bi í pé ta ni yóò gbé e? Láàárọ̀ yìí, mo rí i tó sún un kúrò níbi tí òtútù ti ń fẹ́, sínú oòrùn, tó wá fi ìrọ̀rí tiẹ̀ sí i.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ àti gbogbo ilé. Tẹ́ ẹ bá ráyè, ẹ wá kí wa o. Àga mẹ́ta mìíràn wà tẹ́ ẹ lè jókòó sí.

                                        Tiyín ni mo jẹ́ nígbà gbogbo,
                                        Àbúrò yín,
                                        Aláròyé.