Ọwọ́ Òsì Kolẹ́ẹ̀tì

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Bàbá mi ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n dìde kírun? Mo kí ẹ̀gbọ́n mi Làsísì, mo kí ìyàwó wọn, mo kí ìyá àgbà ìsàlẹ̀ ilé tí kì í yé bèèrè mi. Gbogbo Ṣakí lápapọ̀, mo kí yín.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí Ràfíátù ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Tí mo bá pè yín, ẹ̀rín ni a máa ń rín, ẹ ó sì máa ṣàdúrà fún mi títí owó orí fóònù yóò fi tán. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò bá ẹ̀rín lọ. Mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn, kí àwọn mìíràn tó bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé lè gbọ́.

Ọyẹ́ ti mú dé Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin níbí. Eruku pupa ti bo ewé gbogbo igi, ètè mi sì ti là. Ọkọ mi máa ń wà ní Savalou fún ọjọ́ púpọ̀ nínú ọ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta táyà alùpùpù, èmi nìkan ni mo sì máa ń wà nílé. Èdè àwọn ará ibí jọ tiwa, àmọ́ kì í ṣe tiwa gan-an. Tí wọ́n bá rọra bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́. Tí wọ́n bá ń dápàárá láàárín ara wọn, ìgbà tí gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín tán ni èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sì lọ ra òwú ní Savalou, èdè Mahi ni wọ́n ń sọ lọ́jà níbẹ̀, ìka ni mo fi ń tọ́ka sí àwọ̀ tí mo bá fẹ́.

Iṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi náà ni mo ń ṣe jẹun. Mo ń hun fìlà ọmọ tuntun, mo ń hun ìbọ̀sẹ̀ àti súwẹ́tà, wọ́n sì ń tà dáadáa lásìkò òtútù yìí. Ohun tí mo fi ránṣẹ́ sí yín kò tó, mo mọ̀, ẹ má bínú. Ibi iṣẹ́ yìí náà ni ọ̀gá obìnrin kan ti rí mi, tó jẹ́ ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí. Àwọn ọmọ kì í lọ sí kíláàsì ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó wá bẹ̀ mí pé kí n máa wá kọ́ àwọn tó bá fẹ́ ní iṣẹ́ òwú, tọkùnrin tobìnrin wọn. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn kíláàsì ni a máa ń jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ òrùlé tó yọ síta. A kọ́kọ́ fi ìkọ́ hun ẹ̀wọ̀n, ìyẹn ni pé kí wọ́n máa fa ojú òwú kan gba inú èkejì kọjá. Nígbà tí ó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ pẹlẹbẹ. "Tàǹtí" ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn àǹtí lédè Faransé. Ẹ ò mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dùn mọ́ mi nínú ìlú tí mi ò ti ní ẹbí.

Ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Kolẹ́ẹ̀tì. Yóò tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Gouka ni ìyá rẹ̀ wà, níbi tí wọ́n ti ń dáko, ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Bantè ló ń gbé nítorí iléèwé. Ẹnu ọmọ náà kì í dákẹ́. Òun ló ń kọ́ mi ní èdè wọn. Yóò nawọ́ sí nǹkan, yóò sọ bí àwọn ṣe ń pè é, èmi náà ó pè é, yóò sì rẹ́rìn-ín títí yóò fi jábọ́ lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá mi, kí n má purọ́, òun ni ọ̀rẹ́ tí mo kọ́kọ́ ní ní ìlú yìí.

Ọwọ́ òsì ló ń lò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo yọ ìkọ́ kúrò ní òsì rẹ̀, mo fi í sí ọ̀tún. Kò pẹ́ tí mo fi yíjú padà, ìkọ́ ti wà ní òsì. Mo tún yọ ọ́. Báyìí la ṣe ń bá a lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń sọ fún un pé ọwọ́ òsì kì í ṣe ọwọ́ iṣẹ́, pé kò sí ẹni tí yóò ra ohun tí a fi òsì hun. Irọ́ ni mo ń pa, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ tó ń lo òsì. Tí mo bá wò ó, gbogbo ojú òwú ń lọ sí ibi tí kò yẹ kó lọ, orí mi a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà rú. Àwọn ọmọ yòókù fi èdè Faransé sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n ń pè é ní Góòṣì, ìyẹn ọlọ́wọ́ òsì. Mo gbọ́. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

Ọ̀gá iléèwé wá sọ pé àwọn òbí máa wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ kí wọ́n tó gba ìsinmi. Aṣọ àwọn tó kù ti ń gùn, ti Kolẹ́ẹ̀tì ṣe jákujàku bí okùn tí ewúrẹ́ jẹ. Ojú ti ń tì mí níwájú àwọn òbí tí mi ò tíì rí. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú kan, mo mú òwú pupa, mo yí i mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, mo sì so òpin òwú náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Mo ṣe é bí ẹni ń ṣeré. Mo ní, "Jẹ́ kí ọwọ́ yìí sinmi díẹ̀." Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Kolẹ́ẹ̀tì wo ọwọ́ náà bí ìgbà tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. Kò sunkún. Ó fi ọ̀tún ṣe é lọ bẹ́ẹ̀, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo títí a fi ṣíwọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú mi nígbà náà: mo ní, ọpẹ́ o, etí mi sinmi lónìí.

Nígbà tí mo tú u, ó ní, "Ẹ ṣé, Tàǹtí." Ó sì lọ.

Kò wá ní Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e. Kò wá ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn. Mo lọ bá àǹtí rẹ̀ ní ìsọ̀. Ó sọ fún mi pé ọmọ náà kọ́kọ́ ní inú ń run òun, ìgbà tó yá, ó ní òun ò lọ sí iléèwé mọ́ rárá, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń mú òwú wá sí kíláàsì, wọ́n ń jù ú sí i lára pé kó wá kí wọ́n dè é. Àǹtí náà bẹ̀ ẹ́, ó nà án, nígbà tí kò gbọ́, ó dá a padà sí Gouka. "Mi ò bínú sí yín, Tàǹtí," obìnrin náà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ọmọ náà ló ya olóríkunkun." Ìbá sàn kó bú mi.

Mo délé, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ìkọ́ sí ọwọ́ òsì tèmi. Mo ní kí n kàn hun ẹ̀wọ̀n, ohun tí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo wà lẹ́sẹ̀ yín. Ìyá mi, mi ò lè hun ojú kan. Òwú ń yọ̀ lọ́wọ́ mi, ìka mi le bí igi, èjìká mi ń ro mí. Inú bí mi sí ọwọ́ ara mi. Mo ju ìkọ́ náà sílẹ̀, mo sì sunkún, torí ohun tí mo ní kí ọmọ yẹn máa ṣe lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn, tí mo tún ń sọ fún un pé ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ iṣẹ́.

Mo gun ọ̀kadà, tí wọ́n ń pè ní sẹ́mì níbí, mo lọ sí Gouka. Ọ̀nà erùpẹ̀ ni, ìgbà tí n ó fi débẹ̀, irun ojú mi ti pọ́n. Mo bá ìyá Kolẹ́ẹ̀tì nínú àgbàlá, wọ́n ń bẹ iṣu tí wọ́n fẹ́ sá fún èlùbọ́. Kolẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ọ̀bẹ ní ọwọ́ òsì, èèpo iṣu ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bó ṣe rí mi, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ náà pamọ́ sẹ́yìn.

Ìyá rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Wọ́n fún mi ní omi, wọ́n ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé ọmọ àwọn sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé omi náà sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ẹ dè é?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ fi okùn dè é?"

Mo ní òwú ni.

"Òwú kì í ṣe okùn?"

Wọ́n tún mú iṣu mìíràn, wọ́n ń bẹ ẹ́. Wọ́n ní àwọn kò ní bá mi wí níwájú ọmọ, pé tí ẹ̀bẹ̀ bá wà lẹ́nu mi, ẹni tí mo dè ni kí n lọ bẹ̀. Mo lóṣòó síwájú Kolẹ́ẹ̀tì, mo ní, "Mo ṣe ohun tí kò dáa sí ọ. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe, èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n kọ́ni. Má bínú." Ó wá bi mí pé:

"Ṣé ẹ máa tún dè é?"

Mo ní, "Láéláé."

Mo ti mú òwú àti ìkọ́ méjì dání. Mo tẹ́ ẹní, mo fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ó sún sẹ́yìn, ó lọ jókòó sí òdìkejì, kí n má baà sún mọ́ ọn. Bí a ṣe kọjú síra wa nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀tún mi hun, mo rọra ń ṣe é. Ó ń wò mí, ó sì ń fi òsì rẹ̀ ṣe é tẹ̀ lé mi, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ibi tí ọwọ́ mi bá yà sí ni tirẹ̀ náà ń yà sí. Kò pẹ́ tó fi hun ẹ̀wọ̀n gígùn kan, ojú rẹ̀ dọ́gba. Gbogbo ohun tí mo fi dààmú rẹ̀ láti ọjọ́ yìí kò ju pé kí n kọjú sí i lọ.

Ìyá rẹ̀ kò gbà kó padà sí Bantè. Wọ́n ní Gouka náà ní iléèwé, ibẹ̀ ló sì ń lọ báyìí. Nígbà tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ àwọn ọmọ, mo dìde, mo sọ ohun tí mo ṣe sí ọmọ kan tí kò sí níjòókòó, mo sì bẹ àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Bàbá kan ní ọ̀rọ̀ ọwọ́ ọmọdé kò tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Mo ṣì máa ń lọ sí Gouka ní Sátidé tí mo bá ráyè. Kolẹ́ẹ̀tì ti hun fìlà fún àbúrò rẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ń pọ̀n, ó sì ti ń bá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó fi ọwọ́ òsì pamọ́ sẹ́yìn, kó tó wá rántí, kó sì mú un jáde kí mi.

Ìyá mi, ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Nígbà tí mo wálé ọdún Iléyá tó kọjá, èmi ni mo rí Mùídíìnì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń fi ọwọ́ òsì yàwòrán sórí iyẹ̀pẹ̀. Èmi ni mo ní kí ẹ máa fi aṣọ wé ọwọ́ náà kó má baà mọ́ ọn lára. Ẹ kọ́kọ́ ṣiyèméjì, mo ní ẹ gbà mí gbọ́, pé mo mọ ọwọ́ ọmọdé. Lọ́sẹ̀ tó lọ, ẹ sọ ọ́ fún mi lórí fóònù tayọ̀tayọ̀ pé aṣọ náà ti ń ṣiṣẹ́, pé ọmọ náà kì í pariwo mọ́, pé ó ti di ọmọ jẹ́jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, mo sì pa fóònù, nítorí mo mọ irú jẹ́jẹ́ yẹn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ọwọ́ yín ni ọmọ wà, pé kí n lọ bẹ Màámi.

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mi ò bá yín jiyàn. Kó máa fi ọ̀tún jẹun, kó máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n kálámù tó fẹ́ fi kọ̀wé, igi tó fẹ́ fi yàwòrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ tó bá gbọ́ tirẹ̀ mú un. Ẹ tú aṣọ náà lónìí. Tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló ní kí ẹ tú u, ẹ sọ pé ẹni tó ní kí ẹ wé e náà ni.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹ èrè ọmọ, ojú yín kò ní ríbi, ara bàbá mi yóò le koko. Ẹ bá mi kí ìyàwó wa, kí wọ́n má bínú sí mi jù. Ẹ kí gbogbo ará ilé pátá, ẹni tó bá bèèrè mi àti ẹni tí kò bèèrè. Ẹ sọ fún Mùídíìnì pé mò ń bọ̀ wálé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì máa kọ́kọ́ yà.

Èmi ni, ọmọ yín,
Ràfíátù