Kọ̀ǹpútà Tí Ẹ Gbé Bọ̀ Láti Àbíjàn

Bàbá mi,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, nítorí náà ẹ má retí rẹ̀ nínú ìwé yìí. Kọ̀ǹpútà yín ti lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn fìdáù yín ni wọ́n gbé e lọ, lórí ọmọlanke àwọn tó ń ra irin kòǹdẹ́mù kiri ìlú wa, Máṣífà. Mo dúró lójú ọ̀nà títí n kò fi rí i mọ́. N kò sunkún. Màámi sunkún, ṣùgbọ́n ẹ mọ Màámi.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, Bàbá Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹni tó wá kí wa ń pè yín. Lèmọ́mù pàápàá sọ nínú wáàsí pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wọ ìlú yìí. Òótọ́ ni. Àwọn ẹgbẹ́ yín tó ti Àbíjàn bọ̀ gbé fìríìjì, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀yin gbé kọ̀ǹpútà wá sí ìlú tí iná kì í dúró. Mo ṣì kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí bí ẹ ṣe tú u kúrò nínú tìmùtìmù tí ẹ fi wé e: ó funfun, ojú rẹ̀ tóbi bíi ti tẹlifíṣàn, ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ. Àwọn aládùúgbò rọ́ sójú fèrèsé. Ẹnìkan bèèrè bóyá ó máa ń gba ìròyìn. Ẹ ní rárá o, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ràn ju ọmọ lọ. Èmi ni ẹ ń wò bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.

Kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ni wàhálà. Ti àwọn Faransé ni. Níbi tí lẹ́tà A wà lórí ti Nàìjíríà, Q ló jókòó síbẹ̀ lórí tiyín, M sì ti sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin kò kà á sí. Òun lẹ fi kọ́ gbogbo ọmọ Máṣífà tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń tẹ ìwé, nínú yàrá iwájú ilé, tí ilé-ìwé bá ti jáde. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà tí mo wá iṣẹ́ dé Èjìgbò, ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé kò tilẹ̀ bèèrè ìlú mi. Ó wo ohun tí mo tẹ̀, Q ní gbogbo ibi tó yẹ kí A wà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ Bàbá Kọ̀ǹpútà nìyí. Ara rẹ̀ ti dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní Àbíjàn."

Mo délé, mo fi ìbínú rò fún yín. Ẹ ní ọ̀gá yẹn gan-an ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ẹ ní kí n padà lọ wo kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ bóyá é àti è àti à wà lórí rẹ̀ tàmìtàmì bíi tiyín. Mo lọ wò ó. Kò sí níbẹ̀. Ẹ ní ṣé mo wá rí i, àwọn Faransé ló rántí wa. Kí ló dé tí ẹ fi lágídí tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní èmi ni mo jọ yín.

Kí n padà sórí ọ̀rọ̀. Àbúrò yín, Bàbá Kékeré, ló fẹ́ gba yàrá náà. Ẹ mọ̀ pé sìmẹ́ǹtì ló ń tà, òjò sì ti ba ọjà rẹ̀ jẹ́. Ó ní kọ̀ǹpútà náà kò tàn mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó ní irin lásán ni, ẹni tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ti lọ, kí irin náà máa lọ. Mo sọ fún un pé yàrá yẹn kì í ṣe ilé sìmẹ́ǹtì. Màámi wò mí lójú pé kí n dọ̀bálẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì tún un sọ láti ilẹ̀. Àwọn ọmọ tí mo ń fi láptọ́ọ̀pù mi kọ́ látìgbà tí ara yín kò ti le mọ́ kò ní ibòmíràn tí wọ́n lè jókòó sí. Níkẹyìn, a ṣe àdéhùn: tí kọ̀ǹpútà náà bá tàn lójú rẹ̀ lẹ́yìn fìdáù, kò ní bèèrè yàrá mọ́. Tí kò bá tàn, àti irin àti yàrá di tirẹ̀. Mo gbà. Ó dá mi lójú.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń tan án. Ẹ óò ṣí fìlà, ẹ óò ṣe bisimilahi, ẹ óò fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ óò tẹ bọ́tìnì rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ óò kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ ní ojú máa ń tì í tí ènìyàn bá ń wò ó. Gbogbo wa la óò dojú kọ ògiri bí ẹni tí tíṣà ń fìyà jẹ, títí yóò fi han. Ẹ óò wá yíjú padà, ẹ óò kí i ní èdè Faransé. Ṣé ẹ gbà á gbọ́ lóòótọ́ ni, àbí ẹ kàn ń fi wá ṣeré? N kò bèèrè nígbà tí ẹ wà.

Lọ́jọ́ náà, àlejò ti lọ, iná wà. Bàbá Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ṣí fìlà, mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. N kò kọ ẹ̀yìn. Mo ti dàgbà. Ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún un ṣe. Ó tún dákẹ́. Mo yíjú láti bẹ Bàbá Kékeré pé kó fún mi láyè sí i, mo sì rí i pé ó ti dojú kọ ògiri. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì náà, èmi náà kọ ẹ̀yìn. Àwa méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, a ń wo ọ̀dà tí ẹ fọwọ́ ara yín kùn, ibi tó ti ń bó.

Kò tàn, Bàbá mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Bàbá Kékeré dé fìlà rẹ̀ padà.

"Irin náà ni mo ní kó lọ," ó ní. "N kò ní kí ìwọ lọ. Yọ kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn oní-kòǹdẹ́mù tó dé."

Ó jáde lọ. N kò rí i kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn rí. Ta ló kọ́ ọ pé kó kọ ẹ̀yìn? Ìgbà wo lẹ kọ́ ọ?

Sìmẹ́ǹtì rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, ó fi tapólì bò ó, ó sì ń ráhùn. Láptọ́ọ̀pù mi wà lórí tábìlì yín, àwọn ọmọ sì ń wá. Kíbọ́ọ̀dù ti Nàìjíríà ni mo fi ń kọ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n ṣẹ̀sín ní Èjìgbò. Ẹ lè bínú sí ìyẹn, n kò ní yí i padà. Ṣùgbọ́n n kò kó tiyín pamọ́ sínú àpótí. Ẹnu wáyà rẹ̀ kò bá láptọ́ọ̀pù mu, mo wá ohun kékeré tó ń so wọ́n pọ̀ kiri Èjìgbò títí mo fi rí i rà. Òun ni mo fi ń tẹ ìwé yìí. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ ṣìnà. Ó ti mọ ọ̀nà báyìí. Lẹ́tà A ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí.

Mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí pépà. Ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde ti gbó, ó máa ń lọ́ra, ìgbà mìíràn kì í dáhùn rárá. Mo ti ṣí fìlà.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó dojú kọ ògiri, tó ń dúró.